Orí Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́wọ́ Ọwọ́ Idán

Ọwọ́ Idán ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé àwọn èèyàn ló kóra jọ láti yìn ín. Ó pe ẹni tó ń kọ pátákó, ó ní kó kọ "Ọwọ́ Idán, Ọ̀gá Onídìrí" síwájú ṣọ́ọ̀bù òun, kó sì ya ọwọ́ kan sí i tí ìràwọ̀ ń ti ìka rẹ̀ jáde. Ìka mẹ́fà ni ayàwòrán yà sí ọwọ́ ọ̀hún. Ọwọ́ Idán ò rí i. Ó ti pẹ́ tí pátákó yẹn ti wà níbẹ̀, kò sì tíì rí i dòní. Ẹni tí ò lè ka ìka ara rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé orí fún ní gbogbo Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọ̀gá tíṣà ni wọ́n. Bí wọ́n bá wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, tíṣà tó ń jẹ ẹ̀pà lójú fèrèsé á gbé e mì tèèpo-tèèpo. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn dúró, wọ́n á wo èèyàn, ẹni náà á sì rántí gbogbo ohun tó yẹ kó ti ṣe tí kò ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́ Idán, kìnnìún á di ọmọ ológbò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọwọ́ Idán. Ṣé ẹ ti ráyè fún mi?"

Ẹ gbọ́ "ẹ" yẹn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ju obìnrin yìí lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n jù ú lọ jìnnà, síbẹ̀ "ẹ" ni wọ́n fi ń pè é. "Ìwọ" lòun sì fi ń dá wọn lóhùn: "Jókòó síbẹ̀ yẹn. Àbí o ò rí i pé ọwọ́ mi dí ni?" Nítorí náà, èmi ò ní fi "wọ́n" pe Ọwọ́ Idán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dàgbà jù mí lọ, mo mọ̀. Kó wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni èmi ń tún ṣe ní tèmi. Mo ti rí obìnrin tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ fa irun rẹ̀ wọlé rí, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gé tèmi mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ò nírun lórí ló máa ń tètè rí ìwà òmùgọ̀ tó wà nídìí irun.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bí àbígbẹ̀yìn wọn, irun wọn ń re. Bí wọ́n bá ti fi kóòmù kàn án, ẹ̀kúnwọ́ ló ń bá a bọ̀. Wọ́n sunkún títí. Ẹnì kan wá júwe Ọwọ́ Idán fún wọn. Ó fọwọ́ kan orí wọn, ó wo ọ̀kánkán bí ẹni tí ń gbọ́ ohùn láti òkè, ó ní, "Irun yìí á padà." Irun náà sì padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, irun ta ni kì í padà? Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi dà bí ẹni tí àkùkọ kọ létí rẹ̀, tí ilẹ̀ mọ́, tó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àkùkọ.

Láti ìgbà náà, ẹlòmíràn ò fọwọ́ kan orí wọn mọ́. Ọwọ́ Idán kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ báńkì lọ sẹ́yìn ibùdókọ̀, wọ́n tẹ̀lé e. Ó tún kó o lọ sí òpin ìlú, wọ́n ń wọ ọkọ̀ méjì tẹ̀lé e. Wọ́n á débẹ̀ kí òun alára tó wá ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ dé sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Ọwọ́ Idán máa ń ṣe kẹ́yìn, torí pé, "Ara ilé ni ìwọ, o ò ní bínú." Àlejò á dé lọ́sàn-án gangan, á jókòó, Ọwọ́ Idán á ṣe tirẹ̀ tán, á sì máa lọ. Ara ilé á wà níbẹ̀, á máa gbá irun orí àlejò nílẹ̀. Mo fojú ara mi rí i: ọ̀gá tíṣà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń bi Ọwọ́ Idán pé níbo ni wọn yóò da ìdọ̀tí sí.

Irun tí ó ń bá wọn dì ọ̀hún wá ń kọ́? Dídì ni wọ́n ń pè é, ìfìyàjẹni ni. Á fà á, á fà á, títí ojú wọn á fi lọ́ sókè bí ojú ẹni tẹ́nì kan yọ ọ̀bẹ sí. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, wọn ò ní lè rẹ́rìn-ín. Iwájú orí wọn mọ ohun tó ń bọ̀, ló bá ń sá sẹ́yìn lọ́dọọdún. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Fi í sílẹ̀. Ó mọ orí mi."

"Ta ni ò mọ orí yín?" ni mo máa ń dá wọn lóhùn. "Ṣé kì í ṣe orí ọrùn ló wà ni?"

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi tò sórí ìlà ní báńkì. Obìnrin kan wà níwájú wọn. Irun rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ìlà tín-ín-rín tó ní àwọ̀ oyin gba inú rẹ̀ kọjá níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí oòrùn bá ń yọjú láàárín ewé. Wọ́n wò ó títí, ó di pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n síwájú. Wọ́n délé, wọ́n pè mí lórí fóònù, ohùn wọn rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ti àlè.

"Háíláìtì ni wọ́n ń pè é," ni wọ́n wí. "Ó wù mí. Ó wù mí gan-an ni, àbúrò mi."

"Ẹ lọ ṣe é nígbà náà."

"Ṣé o rò pé Ọwọ́ Idán á gbà?"

"Ṣé orí tirẹ̀ lẹ fẹ́ kùn ni?"

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ní òdìkejì títì, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́ Idán gan-an, ọ̀dọ́bìnrin kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Àwọ̀ irun ni iṣẹ́ tó kọ́, àwọn èèyàn sì ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú orí tó dùn ún wò. Ọmọ Àná ni Ọwọ́ Idán ń pè é. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń kọjá níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí obìnrin ilé tí ń kọjá níwájú ilé ọtí. Wọ́n ní táwọn bá wọ ibẹ̀, àwọn ti dalẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí kí n bá wọn dé ọ̀dọ̀ Ọwọ́ Idán ní Sátidé, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Àgbàlagbà tó ń fa ọmọ létí níbi iṣẹ́! Mo bá wọn lọ.

A dé ibẹ̀. Wọ́n fi àwòrán inú fóònù han Ọwọ́ Idán. Ó fi ìka kan ṣoṣo ti fóònù náà padà, ó pòṣé.

"Ìwọ? Lórí ẹ yìí? Ọjọ́ orí ẹ ńkọ́? Irú irun báyìí, àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń ṣe é. Irun ẹ gan-an ò gba àwọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń da fóònù padà sínú báàgì. "Ó dáa, kò burú. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó wà lódìkejì nígbà náà. Àwọ̀ ni tirẹ̀."

Ojú Ọwọ́ Idán yí padà. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá wo òdìkejì títì, ó gba fóònù padà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. "Ta ló ní mi ò ṣe é? Mo kàn ń gbà ẹ́ nímọ̀ràn ni. Jókòó."

Mo ti rí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láì mọ̀ ọ́n, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì máa ń fi ohun gbogbo lu ara wọn kó lè dún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó po bílíìṣì, oògùn tó ń bó àwọ̀ irun, nínú abọ́ bọ́tà tó ti dógbó, ó gé fọ́ìlì tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ, ó ṣí fóònù tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń jí i wò bí ọmọ tó ń jíwèé wò nídìí ìdánwò. Ó fi tówẹ̀lì pupa wé ọrùn ẹ̀gbọ́n mi, ó fi fọ́ìlì dí apá ọ̀tún orí wọn. Kò tíì fọwọ́ kan apá òsì nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. "Ká jẹ́ kí èyí jiná ná," ló wí, bí ẹni tó ń se nǹkan. Ó fa àga wọn sábẹ́ diráyà, ó fa ìdérí rẹ̀ bò wọ́n lórí dé ojú, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì kọjú síbòmíràn.

Diráyà ò dún. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀ bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Mo wo wáyà rẹ̀, ó wà nílẹ̀ gbalaja. Ọwọ́ Idán ti yọ ọ́ lára ògiri kó lè fi iná sí fóònù rẹ̀. Fáànù tó wà lókè ló ń pariwo, ó rò pé diráyà ni. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ ìdérí tó ti kú, ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún un. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo tún ní kí n wo ìgbà tí òun alára máa mọ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo dijú, torí mi ò fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbà pé mo ti sùn.

Ìyàwó káfíńtà àdúgbò ibẹ̀ wọlé, òun náà wá di irun. Ọwọ́ Idán gbé e jókòó lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi ju ojú sápá ibi tí a wà.

"Ọ̀gá tíṣà mà lèyí. Ọjọ́ wọn ti pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ o."

"Ìyẹn?" Ọwọ́ Idán rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kì í ṣe kọ́sítọ́mà, ọ̀kan nínú àga ṣọ́ọ̀bù ni."

"Wọ́n á gbọ́ o!"

"Ó wà lábẹ́ diráyà, kí ló fẹ́ gbọ́? Wò ó, bí mo bá ní kó lọ dúró sínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́, á dúró. Irun ẹ̀ re nígbà tó bímọ, mo ní á padà. Ṣé irun kì í padà ni? Ló bá sọ mí di Ọlọ́run kékeré."

Ìyàwó káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu orúnkún.

"Wá wo èyí tí mò ń ṣe fún un lónìí," Ọwọ́ Idán ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi. Orí ẹ̀ ni mo fi ń kọ́ ọ. Bó bá jó, á ní mo kú iṣẹ́. Àwọn tó lè lọ síbòmíràn ni mò ń tọ́jú, màmá. Ẹran tí èèyàn ti so mọ́lẹ̀, ta ló tún ń sáré gbé koríko fún un?"

Mo lajú. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ti ìdérí diráyà kúrò lórí ara wọn. Wọ́n dìde. Fọ́ìlì dúró ní ọ̀tún orí wọn bí ìyẹ́ ẹyẹ, irun apá òsì dúró ṣánṣán. Ọwọ́ Idán rí wọn nínú dígí. Ìyàrí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Wọ́n wò ó, irú wíwò tí àwọn tíṣà ń sá fún.

"Wáyà diráyà rẹ wà nílẹ̀," ni wọ́n wí.

Rẹ. Láti gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, n kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jáde sí títì gbangba lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú tówẹ̀lì pupa lọ́rùn àti fọ́ìlì lórí. Oòrùn bọ́ sára fọ́ìlì, ó ń kọ mànà. Ọlọ́kọ̀ kan dúró. Ọmọ ilé ìwé wọn kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lanu, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Wọ́n ní, "Káàsán. Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ?" Wọn ò sáré, wọn ò bo orí. Èmi tí mò ń tẹ̀ lé wọn ni ìtìjú fẹ́ pa, inú mi sì ń dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mò ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Ọmọ Àná ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nígbà tí a wọlé. Ó wo orí ẹ̀gbọ́n mi, ó wo òdìkejì títì.

"Mo ti mọ ẹni tó ṣe é," ló wí. "Ẹ tẹrí ba síbí, mà. Kíákíá."

Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Ẹ̀yìn etí ọ̀tún, ìdì irun kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi hàn wọ́n láì káàánú wọn rárá. "Èyí ti lọ. Ìyókù á dúró. Ká ní ó pẹ́ jù báyìí lọ ni, orí kodoro là bá máa wò." Ó ní ibi tó ti pọ́n bí ìpẹtà, òun á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ apá òsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dán an wò lára irun díẹ̀ ná kó tó kùn ún. Kò sọ ìtàn kankan fún wa. Ṣingọ́ọ̀mù yẹn ń ta tó-tó-tó lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n mi wo dígí. Àwọ̀ oyin ń gba inú irun wọn lọ, ó ń yọ, ó ń sá pamọ́ bí wọ́n ṣe ń yí orí. Ó yẹ wọ́n. Èmi tí mo ń fi irun ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kí wọ́n tún yí i kí n rí i.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò lè ṣe kí wọ́n má ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Láti òní lọ, ìwọ ni onídìrí mi. Títí láé. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn—"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má búra fún mi." Ọmọ Àná rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. "Bí mo bá ṣe é dáadáa, ẹ padà wá. Bí mi ò bá ṣe é dáadáa, ẹ má padà wá. Ó tán. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn mi, kí wọ́n sáà máa dé lásìkò."

Ojú ẹ̀gbọ́n mi rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kọ ẹ̀bùn rẹ̀. Èmi ní tèmi, ibẹ̀ ni mo ti dárí ṣingọ́ọ̀mù jì í.

Ọkọ wọn jẹ́ èèyàn tó lè jókòó sínú ilé tó ń jó kó máa béèrè ìdí tí ooru fi mú. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo òkè àjà, ó ní, "Ṣé ẹ pààrọ̀ gílóòbù ni? Ibí yìí mọ́lẹ̀ lónìí." Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó jẹun, ó sùn.

Ọjọ́ kejì ni Ọwọ́ Idán wá. Mo wà níbẹ̀, mo ti mọ̀ pé á wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní tówẹ̀lì òun lòun wá gbà. Bí ẹni pé tówẹ̀lì pupa tó ti ya létí ló lè gbé èèyàn wọ ọkọ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní kó wọlé. Wọ́n mú tówẹ̀lì jáde fún un. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ká a bí aṣọ tuntun.

Ó gbà á, kò kúrò níbẹ̀. "Torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Àwàdà ni mò ń bá ìyàwó káfíńtà ṣe."

"Èwo ni àwàdà níbẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi bi í. "Ti ẹran tí o so mọ́lẹ̀ ni, àbí ti orí mi tí o fi ń kọ́ṣẹ́?"

"'O'? Èmi lò ń pè ní 'o'?"

"Ìwọ ni. Ṣé o jù mí lọ ni?"

Ẹ wo bí ìwà ṣe ń yíra padà. Ọwọ́ Idán fara balẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ má bínú, mà," ló wí. Ẹ. Ó ní i lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá! "Ẹ padà wá ní Sátidé. Ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ ṣe."

"Rárá," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó dàbọ̀."

Ó rí i pé kò sí ohun tí òun lè rí gbà mọ́, ló bá kọjú sí ọ̀nà. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ó yí padà, ó pariwo kí ará àdúgbò lè gbọ́: "Irun àgbàdo!" Ó wá lọ, tówẹ̀lì lábẹ́ abíyá. Gbogbo ohun tó kù nínú idán rẹ̀ nìyẹn.

Mo rò pé a ó rẹ́rìn-ín. Mo ti ní èébú lẹ́nu tí mo fẹ́ jù tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi dúró nídìí omi ẹ̀rọ, wọ́n ń fọ ife kan ṣoṣo, wọ́n ń fọ̀ ọ́ ṣáá, omijé sì ń bọ́ sínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ ń sunkún torí onítọ̀hún."

"Torí rẹ̀ kọ́." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Gbogbo Sátidé yẹn ni. Àwọn ọmọ mi kéré nígbà náà, wọ́n máa ń ní kí n má lọ. Mo máa ń lọ. Mo ń lọ gbálẹ̀ fún un. Ta ni mo fẹ́ lọ gba àwọn ọjọ́ yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo gbé èébú mì. Mo gba ife náà lọ́wọ́ wọn, mo ṣàn án, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí pẹpẹ.

Ọwọ́ Idán ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n fi kún pátákó rẹ̀: "A ń ṣe háíláìtì." Àwọn èèyàn sì ń wọlé síbẹ̀, ẹni tó bá wù ú kí orí òun jó, ẹnikẹ́ni ò lè dá a dúró. Mo pàdé ìyàwó káfíńtà lọ́nà, mo bi í bóyá ó máa ń ro ohun tí wọ́n ń sọ nípa tirẹ̀ nígbà tó bá wà lábẹ́ diráyà. "Èmi?" ló wí. "Rárá o. Ara ilé lèmi."

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń lọ sọ́dọ̀ Ọmọ Àná nígbà tó bá yẹ, wọ́n á ṣe tán, wọ́n á kúrò níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń wá ẹ̀bùn tí wọ́n máa gbé lọ fún un. Wọ́n ti jáwọ́.

Mo yà sí ilé wọn ní Sátidé tó kọjá, kí n wo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mo kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wọlé. Wọ́n ti sùn lórí àga pálọ̀, ẹsẹ̀ wọn lórí tábìlì, ẹnu wọn là sílẹ̀, irun wọn tú ká sórí tìmùtìmù láìdì, láìfà. Àbígbẹ̀yìn wọn, tó ti ga ju mí lọ báyìí, jókòó nílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń ka ìwé. Ó fi ìka lé ẹnu sí mi. Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi kalẹ̀ jẹ́ẹ́, mo sì lọ dúró síta.